Vieux Farka Touré: orúkọ bàbá ló gbé e dé ibẹ̀ ni, àbí ọwọ́ ara rẹ̀?

OkùnMẹ́fà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí àwo kan báyìí kò kúrò nínú mọ́tò mi mọ́. "Ali" ni wọ́n pè é, ọdún 2022 ló jáde. Ọmọ Mali kan, Vieux Farka Touré, ló ta gìtá tó sì kọrin níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta kan láti Houston ní Texas, tí wọ́n ń jẹ́ Khruangbin, ló gbè é. Orin bàbá rẹ̀, Ali Farka Touré, ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan gbọ́ ọ, ó ní: "Ọmọ tó jogún gìtá, tó jogún orúkọ, tó tún wá ń kọ orin bàbá, èwo ló wá jẹ́ tiẹ̀ níbẹ̀?" N kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ọmọkùnrin yìí, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́ o. Farka tó wà láàárín orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ ìdílé rárá, ìnagijẹ bàbá ni. Ọmọkùnrin mẹ́sàn-án ló ti kú mọ́ ìyá Ali lọ́wọ́ kó tó bí i, ni wọ́n bá fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pè é, ẹranko tí ìyà kì í tètè pa, bí àwa náà ṣe ń sọ àbíkú ní Ajá. Ọmọ wá gbé ìnagijẹ náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiẹ̀. Boureima Touré ni wọ́n sọ ọ́. Tó bá jẹ́ Boureima Touré ló kọ sára àwo, ta ni ì bá pè é sí Soweto lọ́dún 2010 kó wá kọrin lálẹ́ tí ìdíje Ife Àgbáyé kù ọ̀la, lórí pèpéle kan náà pẹ̀lú Shakira àti Angélique Kidjo? N kò sọ pé kò mọ gìtá ta. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí kó tó débẹ̀.

AráKútọnu

@Ẹlẹ́yẹlé, ilẹ̀kùn wo ló ṣí? Bàbá yẹn gan-an ló tì í pa.

Níbí ní Kútọnu, àwọn ará Mali pọ̀ ládùúgbò wa, ìtàn yìí kò ṣàjèjì. Ọdún 1981 ni wọ́n bí ọmọ náà ní Niafunké, ìlú kékeré kan létí odò Ọya, lápá Timbuktu. (Odò Ọya wa yìí náà ni o. Ibẹ̀ ló ń gbà kọjá bọ̀ kó tó dé Jẹ́bà.) Òkìkí Ali kàn dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ṣùgbọ́n tó bá délé, àgbẹ̀ ló ń pe ara rẹ̀. Oko ló ń dá, wọ́n sì fi jẹ méyọ̀ ìlú náà lọ́dún 2004. Nígbà tí Vieux ní orin lòun fẹ́ ṣe, bàbá fárígá. Iṣẹ́ ológun ló ní kó lọ ṣe.

Ọmọ náà kò gbà. Ìlù àti igbá ló kọ́kọ́ ń lù. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Bamako, Institut National des Arts, ó sì ń kọ́ gìtá ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ rántí pé ó ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn. Àwọn tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti kọ́ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Toumani Diabaté, ọ̀gá nínú kora (háàpù olókùn púpọ̀ tí wọ́n fi igbá ṣe), tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ali, ló bá wọn dá sí i títí bàbá fi rọ̀. Nígbà tó fi máa rọ̀, jẹjẹrẹ inú eegun ti dá a dùbúlẹ̀. Ó gbìyànjú, ó bá ọmọ rẹ̀ ta gìtá nínú orin díẹ̀ fún àwo àkọ́kọ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Oṣù kẹta ọdún 2006 ni Ali kú. Ọdún 2007 ni àwo ọmọ tó jáde.

Ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ dè nìyẹn?

OkùnMẹ́fà

Ológun kẹ̀! Ọkùnrin tó gba Grammy lẹ́ẹ̀mejì kó tó kú, òun ló ní kí ọmọ òun lọ máa gbé ìbọn? Kí ló dé?

ÌyáOlórin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Nǹkan méjì ló wà ńbẹ̀.

Èkíní, owó. Ojú Ali rí màbo lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò orin nígbà àárọ̀ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn jẹ èrè rẹ̀. Kò fẹ́ kí ọmọ tún wá kó sí i. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bàbá tó bá ti jìyà iṣẹ́ kan kì í fẹ́ rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú yín ní irú bàbá bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ìdílé olórin ni ìdílé Touré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Mali, àwọn ìdílé kan wà tó jẹ́ pé ìran wọn ni orin àti ìtàn sísọ. Jeli ni wọ́n ń pè wọ́n: Diabaté, Kouyaté, Sissoko. Toumani nìyẹn, bàbá rẹ̀ ta kora, bàbá bàbá rẹ̀ ta kora. Ẹ fi wé ọmọ Àyàn lọ́dọ̀ tiwa. Ta ló máa bi ọmọ Àyàn pé kí ló gbé e dé ìdí ìlù? Ali ní tiẹ̀, ìdílé ọlọ́lá ló ti wá, lára àwọn Arma, ìran àwọn jagunjagun tó wá láti Mòrókò ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń kọrin fún wọn ni, àwọn kì í kọrin fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn Ali pàápàá kò fẹ́ kó ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá njarka kiri, gòjé olókùn kan tí àwọn Songhai, ẹ̀yà kan ní àríwá Mali, ń ta. Ìgbà tó rí ẹgbẹ́ oníjó Keïta Fodéba láti Gínì lọ́dún 1956 ló tó pinnu láti mú gìtá.

Nítorí náà, ìdílé olórin tí ẹ̀ ń wí yìí, orí ẹnì kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀, onítọ̀hún kò sì fẹ́ kó kọjá orí òun. Ẹ ò rí i pé ó jọ ti Sunny Adé? Ọmọ ọba Oǹdó, tó ní Yunifásítì Èkó lòun ń lọ, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ Baba Sàlá ló lọ bá. Ohun tí ilé kọ̀ fún bàbá, bàbá náà ló tún wá kọ̀ fún ọmọ. Èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ Ali.

Ẹlẹ́yẹlé

Màmá, ẹ ṣeun. Mo gbọ́ tìtàn. Àmọ́ ẹ tún wò ó: ta ló bẹ bàbá? Toumani, ọ̀rẹ́ bàbá. Ta ló wà nínú àwo àkọ́kọ́? Bàbá àti ọ̀rẹ́ bàbá. Ọmọ aláròóbọ̀ ní Bamako tó mọ gìtá ju Vieux lọ, Toumani wo ló máa bá a bẹ ẹnikẹ́ni?

Atagìtá

Ẹ jẹ́ ká fi ẹbí sílẹ̀ ná, ká wo ọwọ́. Ẹgbẹ́ jùjú ni mo ti ń ta gìtá, mo sì ti jókòó ti orin àwọn méjèèjì dáadáa.

Tí Ali bá ń ta gìtá, àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń lu okùn tó nípọn láìdúró, ìka tó tẹ̀ lé e ni yóò máa sọ̀rọ̀ lórí àwọn okùn tín-ín-rín. Ohùn márùn-ún péré ló sábà máa ń lò. Kò ní kọ́ọ̀dù tó ń yí kiri bíi tàwa oníjùjú tàbí àwọn oníhaíláìfù. Ibì kan ló máa dúró sí, yóò sì máa yí i po títí orí rẹ yóò fi wú. Ọwọ́ njarka tí màmá sọ yẹn ló gbé wá sórí gìtá. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́ ọ, wọ́n ní John Lee Hooker, olórin blues tiwọn, ló jọ. Ali ní rárá, ọ̀dọ̀ àwọn ní Mali ni orin yẹn ti gbéra.

Vieux ńkọ́? Ìpìlẹ̀ kan náà ni, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdí ìlù ló ti wá, ẹ ó sì gbọ́ ọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń lù ni, kò kàn ń já okùn. Àwọn ohùn rẹ̀ máa ń já bọ́ ní mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, bí ẹni ń fi ìkúùkù àti ìka gbá igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lù ní Niafunké. Ó yára ju bàbá lọ fíìfíì. Ó ń fi iná sí i, ó ń jẹ́ kí gìtá han, ó sì ń kó igbá àti dúrọ́ọ̀mù òyìnbó pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníròyìn fi ń pè é ní Hendrix aṣálẹ̀ Sàhárà, ìyẹn Jimi Hendrix, ọ̀gá onígìtá rọ́ọ̀kì. Ẹ gbọ́ "Fondo", èyí tó ṣe lọ́dún 2009. Ali kò jẹ́ ta irú gìtá bẹ́ẹ̀ láéláé, kò tilẹ̀ ní wù ú.

Ibi tí mo ti ń bá a jà: kì í sinmi. Níbi tí bàbá bá ti dákẹ́, ọmọ máa ń kún un. Èyí tó burú jù ni "The Secret" ti 2011. Eric Krasno ló bá a darí rẹ̀, wọ́n pe Derek Trucks, wọ́n pe John Scofield, wọ́n pe Dave Matthews. Gìtá lórí gìtá. Àlejò pọ̀ ju onílé lọ. Orin kan ṣoṣo tó mú mi nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ, níbi tí òun àti bàbá rẹ̀ ti jọ ta gìtá gbẹ̀yìn.

OkùnMẹ́fà

@Atagìtá, ṣé nítorí ìyẹn ni ti Khruangbin fi dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀? Mi ò gbọ́ ìyára kankan níbẹ̀.

Atagìtá

Òun gan-an ni. Béèsì Laura Lee kì í pọ̀, ó máa ń fi àyè sílẹ̀. Mark Speer náà mọ gìtá, àmọ́ ó kó ọwọ́ rẹ̀ ro. Kò sí ẹni tí Vieux fẹ́ bá figagbága níbẹ̀. Ó wá ta gìtá bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan.

AráKútọnu

Ẹ̀yin onígìtá, ẹ ti gbàgbé "Mon Pays" ("Orílẹ̀-Èdè Mi"), àwo tí mo rò pé ó yanjú ìbéèrè ẹ̀gbọ́n OkùnMẹ́fà.

Lọ́dún 2012, àwọn agbébọn gba apá àríwá Mali. Timbuktu, Gao àti Kidal bọ́ sọ́wọ́ wọn, Niafunké náà kò yọ sílẹ̀. Wọ́n ní orin di èèwọ̀. Rédíò kò gbọdọ̀ gbé orin sáfẹ́fẹ́, ẹni tó bá ń ta gìtá, ewu ni fún un. Ọ̀pọ̀ olórin sá wá sí Bamako, àwọn mìíràn sọdá ibodè. Àjọ̀dún orin tí wọ́n ń ṣe nínú aṣálẹ̀ lẹ́bàá Timbuktu, èyí tí Ali fúnra rẹ̀ ti kọrin níbẹ̀ rí, dáwọ́ dúró lẹ́yìn ti oṣù kìíní ọdún yẹn. Ẹ ronú wò ó: ìlú tí wọ́n ti bí ọ, ìlú tí bàbá rẹ jẹ méyọ̀, ìlú tí sàréè rẹ̀ wà, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọrin níbẹ̀ mọ́.

Vieux ì bá pariwo. Ó ní gìtá oníná tó lè fi pariwo, ayé sì ń retí rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ iná kúrò nínú ọ̀pọ̀ orin náà, ó jókòó, ó fi èdè Songhai kọrin nípa orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wà papọ̀. Ọdún 2013 ló jáde. Ta ló bá a ta kora níbẹ̀? Sidiki Diabaté, ọmọ Toumani. Ali àti Toumani ló jọ ṣe "In the Heart of the Moon" ní 2005, tó gba Grammy. Ọmọ Ali àti ọmọ Toumani ló wá jókòó síbi kan náà nígbà tí ilé ń jó. @Ẹlẹ́yẹlé, bí o bá fẹ́ pe ìyẹn ní ogún, mo gbà. Àmọ́ ogún tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó sì dì í mú.

Mo tún fẹ́ fi kún un: apá kan nínú owó àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ra àwọ̀n ẹ̀fọn fún àwọn ará Niafunké, nítorí ibà. Àgbẹ̀ olórin ló bí i lóòótọ́.

ỌmọPeckham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi rí i lójú ayé níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ láàárín orin, ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ iṣẹ́ tí òun àti Idan Raichel ṣe. Ọmọ Ísírẹ́lì ni Idan, dùùrù ló ń tẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú ní Jámánì ni wọ́n ti pàdé lọ́dún 2008. Nígbà tó di 2010, wọ́n wọ sítúdíò kan ní Tel Aviv, àwọn méjèèjì, ẹnì kan lórí béèsì, ẹnì kan lórí igbá. Wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, wọn ò ṣe ìdánrawò. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni, wọ́n kó o jáde ní 2012, "The Tel Aviv Session". Bàbá kò sí níbẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá kò sí níbẹ̀. Mùsùlùmí láti Mali àti Júù, wọ́n kàn ń fetí sí ara wọn. Wọ́n tún ṣe ìkejì ní Paris ní 2014. Èmi kò fẹ́ràn ìkejì tó bẹ́ẹ̀.

ÌyáOlórin

Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi Vieux yìí, wọ́n ti bi àwọn ọmọ Kútì títí ó fi sú wọn. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti lọ gba ohùn sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1922, kí wọ́n tó bí Fẹlá tó jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Fẹ́mi kúrò nínú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ lọ dá Positive Force sílẹ̀ ní 1986, wọ́n ní aláìgbọràn ni. Ṣeun dúró, ó gba Egypt 80, ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, lẹ́yìn ikú Fẹlá ní 1997, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, wọ́n ní kò ní tiẹ̀. Ọ̀nà wo ni ọmọ olókìkí máa gbà tí ẹ ò ní bú u?

Ẹlẹ́yẹlé

Hà, màmá, ẹ má fi mí wé àwọn tó ń bú ọmọ Fẹlá o!

Ó dáa. "Mon Pays", mo gbà, mi ò mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti Tel Aviv náà, ó dára létí. Àmọ́ ẹ wo ibi tó padà sí. Ọdún 2022 kan náà tí "Ali" jáde, ó ṣe "Les Racines" ("Gbòǹgbò"). Ilé iṣẹ́ wo ló gbé e jáde? World Circuit, àwọn tó gbé bàbá rẹ̀ jáde. Sítúdíò wo? Èyí tó kọ́ sí Bamako tó sì fi orúkọ bàbá pè. Nígbà tó di 2023, "Voyageur" tún jáde, orin tí bàbá ti gbà sílẹ̀ kó tó kú, òun àti Nick Gold ti World Circuit ló jọ ṣètò rẹ̀. Mẹ́ta tẹ̀ léra. Gbogbo rẹ̀ bàbá.

Atagìtá

O ka ọdún, àmọ́ o ò ka gbogbo rẹ̀. Àwo àkọ́kọ́, 2007. "Ali", 2022. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó fẹ́ fi orúkọ bàbá jẹun, 2007 ló yẹ kó ti ṣe odindi àwo orin bàbá, nígbà tí òkú ṣì tutù tí gbogbo ayé ń sunkún, tí owó rẹ̀ yá. Kò ṣe é. Ó kọ́kọ́ lọ ta rọ́ọ̀kì, ó bá Júù ṣeré, ó bá àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ṣe àṣejù bí mo ṣe wí lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tó ti pé ogójì ọdún ló tó yíjú padà.

"Les Racines" tí o sì ń wí, tiẹ̀ ni orin inú rẹ̀, kì í ṣe ti bàbá. Ọ̀nà Songhai àtijọ́ ló gbà ta á, ó pe Amadou Bagayoko, ìyẹn Amadou ti Amadou àti Mariam, tọkọtaya olórin Mali, òun ló kú lọ́dún 2025, ó pe Madou Sidiki Diabaté lórí kora. Etí mi sọ fún mi pé òun ni gìtá tó pegedé jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ń sinmi. Ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀.

AráKútọnu

@Atagìtá, o ti sọ ọ́ tán. Mo kàn fẹ́ kí Ẹlẹ́yẹlé mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ olórin mìíràn ní Bamako náà ń lo sítúdíò yẹn. Ọmọ aláròóbọ̀ tó ń wí yẹn, ibẹ̀ ni yóò ti pàdé Toumani tiẹ̀.

OkùnMẹ́fà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí ohun tí mo máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá fẹ́ ra méjì péré, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

ÌyáOlórin

Kọ́kọ́ wá "Savane" ti Ali, èyí tó jáde ní 2006 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Gbọ́ orin tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà, gbọ́ bí ọmọ ṣe ta á nínú "Ali" tó o ní lọ́wọ́. Ngoni, ohun èlò olókùn tó jọ gìtá kékeré, tó kún ẹ̀yìn ti bàbá ti lọ, béèsì àti ìlù díẹ̀ ló kù. Wà á gbọ́ ohun tó yọ kúrò. Ìyẹn ló máa sọ fún ọ bóyá ó ní tiẹ̀.

Atagìtá

"Fondo", lẹ́yìn náà "Mon Pays". Má gbọ́ wọn lọ́jọ́ kan náà.

Ẹlẹ́yẹlé

Mo ti ń gbọ́ "Fondo" látìgbà tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ yìí le o, n kò ní purọ́. Àmọ́ kora wo ni mo ń gbọ́ nínú orin tó ń jẹ́ "Paradise" yìí? Mo wo ẹ̀yìn àwo. Toumani Diabaté! Ọ̀rẹ́ bàbá tún ti dé! Ẹ ò rí i báyìí?

AráKútọnu

Ẹlẹ́yẹlé, jọ̀ọ́, gbọ́ orin tó kù.